Nítorí Ìwé Kan Ṣoṣo, Ẹ Má Ṣí Gbogbo Yàrá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kàwé ní Yábàá gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn Ojúẹlẹ́gba, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, pé ó kàn ń falẹ̀ ni. Mo fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ àmì Chrome tó wà lójú rẹ̀, mo ṣí Properties, mo wo ìlà tí wọ́n kọ Target sí. Chrome.exe ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Kò parí síbẹ̀. Wọ́n so ìrù mọ́ ọn: --allow-file-access-from-files.

Mo ní, "Ta ló fi eléyìí síbí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ni. Wiki mi ni. Kò fẹ́ ka àwọn nóòtì tó kù tó wà nínú fódà. Ẹnì kan ní kí n fi ìyẹn sí i, ó sì ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀."

Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Bí èèyàn bá yọ ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀ kúrò, atẹ́gùn á wọlé dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ bá gbogbo ẹni tó ń lo irú ìwé àkọsílẹ̀ yìí sọ, mi ò sì ní dẹ ohùn. TiddlyWiki ni èyí tí ọmọ náà ń lò. Jeremy Ruston, ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde ní 2004. Fáìlì HTML kan ṣoṣo ni. Inú fáìlì náà ni nóòtì wà, inú rẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó ń tò wọ́n, tó ń wá wọn, tó ń so wọ́n mọ́ra wà. Ẹ fi bùráúsà ṣí i, ó di ìwé. Ẹ kọ tiyín sí i, ẹ fi í pamọ́, ẹ jù ú sínú fíláàṣì, ó di ọ̀nà. (Wiki yìí, èdè àwọn ará Hawaii ni, kíákíá ló sì túmọ̀ sí. Lára ọkọ̀ Wiki Wiki tó ń gbé èrò ní pápákọ̀ òfurufú Honolulu ni Ward Cunningham ti mú orúkọ náà nígbà tó dá wiki àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1995. Àwọn àgbà Èkó tó wọ ọkọ̀ kíákíá láyé ọjọ́sí á ní ẹ̀dà tiwa ni wọ́n gbà lò.)

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ń lò ó. Èmi náà ń lò ó. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta 2024, nígbà tí àwọn okùn íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 lápapọ̀, ẹni tó ti kó gbogbo ìwé rẹ̀ sí ìkáwọ́ ayélujára ń wojú fóònù bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ ìta. Wiki tèmi ń ṣí. Kò béèrè dátà, kò béèrè ẹni tí mo jẹ́. Iye owó àwọn oníbàárà, irú skrúù tó wà nídìí HP ọdún báyìí, orúkọ ẹni tó jẹ mí ní gbèsè skríìnì, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni ló jẹ́ tẹni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́: bùráúsà kò fẹ́ kọ nǹkan sínú fáìlì yín, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni kó má fẹ́.

Ẹni tó bá ti gbé ilé ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn rí ní Múṣin á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Yàrá mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ kan. Ìlẹ̀kùn ìta kì í sábà tì. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ń wọlé, alájọ ń wọlé, ẹni tó wá sin gbèsè ń wọlé, ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n náà ń wọlé, á ní òun ń wá Ìyá Sikirá. Ohun tó ń ṣọ́ ẹrù yín ni àgádágodo ẹnu yàrá tiyín. Bùráúsà gan-an nìyẹn. Gbogbo ìgboro ayé ló ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé lójúmọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀: ojú ewé báńkì kò gbọdọ̀ yọjú sí yàrá Facebook, Facebook kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ fáìlì tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Àgádágodo yìí ló ń bí oníwiki nínú, torí ojú ewé ni wiki tirẹ̀ náà. Bùráúsà kò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Lójú rẹ̀, HTML tí olè kọ àti HTML tí olùkọ́ kọ, ọ̀kan náà ni.

Ẹ má ṣe rò pé àsọdùn ni. Ní Oṣù Kẹjọ 2015, Mozilla kéde pé ìpolówó ọjà kan tó ń hàn lórí ìkànnì ìròyìn kan ní Rọ́ṣíà ti ń gba inú Firefox wọ kọ̀ǹpútà àwọn òǹkàwé. Ihò kan wà nínú ohun tí Firefox fi ń ṣí PDF, ibẹ̀ ló gbà. Kò fi fáírọ́ọ̀sì kankan síbẹ̀. Fáìlì nìkan ló wá kà: ní Windows, ó wá ibi tí FileZilla ń kó páásíwọ́ọ̀dù sí, ní Linux, ó wá kọ́kọ́rọ́ inú .ssh àti àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ tí èèyàn ti tẹ̀ sẹ́yìn. Ó kó wọn, ó lọ, kò sì fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n jà lólè kàn ń ka ìròyìn ni. Wọ́n dí ihò náà lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbọ́. Ihò tí ẹni tó ṣe bùráúsà kò mọ̀ nìyẹn o. Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín fi ọwọ́ lu ńkọ́? Ta ni yóò wá bá yín dí i?

Títí di Oṣù Keje 2019, Firefox tún ní àṣà kan: fáìlì HTML tí ẹ bá ṣí láti inú fódà kan lè ka àwọn fáìlì tó wà nínú fódà kan náà. Ọ̀pọ̀ oníwiki gbádùn rẹ̀. Ẹ wá rò ó wò: inú fódà wo ni ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín ń bọ́ sí? Downloads. Kí ló tún wà nínú Downloads yín? Státímẹ́ńtì báńkì, ìwé ìbí, NIN tí ẹ gbà lọ́jọ́ ọjọ́sí, ìwé ìgbanisíṣẹ́. Olùwádìí ààbò kan, Barak Tawily, ló fi hàn bí HTML kan tí wọ́n fi tan èèyàn ṣe lè dé àárín wọn, kó ka gbogbo wọn, kó sì fi wọ́n ránṣẹ́ síta. Firefox 68 ló pa àṣà náà rẹ́: láti ìgbà náà, fáìlì kọ̀ọ̀kan wà ní yàrá tirẹ̀. Ohun tó wá ń bà mí nínú jẹ́ ni pé mo ṣì ń rí àwọn tó ń wọ inú about:config lọ, tí wọ́n ń pa ètò ààbò yìí, kí nǹkan lè padà sí bó ṣe wà. Wọ́n wo ọgbẹ́ sàn, ẹ tún un gé.

Ìrù tí mo bá nídìí Chrome ọmọ Yábàá yìí tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Fódà kan ṣoṣo ni àṣà Firefox àtijọ́ ń ṣí. Ìrù yìí ń ṣí gbogbo ilé. Pẹ̀lú rẹ̀, HTML èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣí láti inú kọ̀ǹpútà náà lè sọ pé kí wọ́n to orúkọ gbogbo ohun tó wà ní C: fún òun, kó sì máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀, fífi wọ́n ránṣẹ́ kò le.

"Ṣùgbọ́n wiki tèmi nìkan ni mo ń ṣí," ló wí.

Irọ́ ni, kò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Mo wo Downloads rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Wiki ẹlòmíì mẹ́ta wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìbéèrè ìdánwò ọdún tó ti kọjá tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi WhatsApp ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí ń lọ ní tààrà: fáìlì wiki kì í ṣe ìwé lásán. Ẹ̀rọ ni, ìwé ló wọ̀ bí ẹ̀wù. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ ti tan ẹ̀rọ ẹlòmíì nínú yàrá yín. Plugin tí ẹ rí níbì kan, tí ẹ fà tí ẹ jù sínú wiki yín nítorí pé ó rẹwà, ẹ̀rọ ni òun náà, ohunkóhun tí wiki yín bá lè ṣe ni òun náà lè ṣe. Páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi sí wiki kò ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó dára láti fi sí i, ó ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú fáìlì di èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè kà bí fíláàṣì bá sọ nù, bí ẹ bá sì gbàgbé rẹ̀ kò sí ẹni tí yóò bá yín ṣí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán tí ìwé ṣí, plugin inú rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń bá yín kà á.

Ká padà sórí Firefox díẹ̀: ní Oṣù Kọkànlá 2017, nígbà tí Firefox 57 dé, ó pa gbogbo àfikún ti àtijọ́, TiddlyFox tí àwọn oníwiki fi ń kọ nǹkan sínú fáìlì bá a lọ. Àwọn kan bínú, wọ́n ní àwọn kò ní kúrò lórí Firefox àtijọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó ṣì ń lo irú rẹ̀ láti fi wọ ayélujára lónìí, kí ó pa á. Mi ò ní àlàyé míì.

Chrome tún gbé ọ̀nà tuntun wá ní Oṣù Kẹwàá 2020. Láti Chrome 86, ojú ewé lè béèrè pé kí ẹ mú fáìlì tàbí odidi fódà kan fún òun, kí òun máa kà á, kí òun sì máa kọ sí i. Fún oníwiki, ìtura ńlá ni. Mozilla àti Apple kọ̀, wọn kò fi í sínú Firefox àti Safari, wọ́n ní ó léwu kí ìkànnì ayélujára máa tọwọ́ bọ àpò èèyàn. Chrome náà kò fojú fo ewu yìí: kò jẹ́ kí ẹ fi fódà Windows tàbí gbogbo Downloads lé ìkànnì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n láti Chrome 122, ẹ lè ní kó má béèrè mọ́, pé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá padà wá kí ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nìyí. Ní 2023, àwọn olùwádìí kan gbé iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní RøB lọ síwájú àpérò USENIX Security. Wọ́n fi hàn pé ojú ewé tó dà bí irinṣẹ́ gidi, tó ní kí ẹ mú fódà fún òun kí òun bá yín tún fọ́tò ṣe, lè ti gbogbo fáìlì inú rẹ̀ pa kó sì béèrè owó ìtúsílẹ̀, láìfi ohunkóhun sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ètò ajẹfáírọ́ọ̀sì tí wọ́n dán wò kò fura, torí bùráúsà ni wọ́n rí tó ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà láyè.

Àwa ará Èkó kò sì ní sọ pé a kò mọ ohun tí bọ́tìnì "Allow" ń fà. Ṣé a ti gbàgbé àwọn áàpù ayánilówó? Èèyàn fẹ́ yá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ó tẹ "Allow", wọ́n kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀. Nígbà tí owó pẹ́, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, pásítọ̀ rẹ̀, àna rẹ̀, gbogbo wọn gba ìwé pé olè ni. Àjọ ìjọba NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé Sokoloan, ọ̀kan nínú wọn, lórí ní Oṣù Kẹjọ 2021, àjọ FCCPC sì já wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà ní Oṣù Kẹta 2022. Ṣé ìtanràn náà mú ìtìjú kúrò lójú ẹni tí wọ́n ti dójú tì? Ìka kan náà tó tẹ bọ́tìnì yẹn ló ń tẹ èyí.

Àfikún bùráúsà náà kò yàtọ̀. Àwọn kan wà tó ń bá wiki kọ sínú fáìlì, ìdí sì wà tí Chrome fi ní kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tan "Allow access to file URLs" kí irú wọn tó lè dé ọ̀dọ̀ fáìlì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ẹni tó ni àfikún náà lónìí, kì í ṣe ẹni tó ni ín nígbà tí ẹ gbà á. Àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló ń lo àfikún kan tó ń jẹ́ The Great Suspender nígbà kan. Ẹni tó ṣe é tà á ní 2020. Ní Oṣù Kejì 2021, Google yọ ọ́ kúrò lọ́jà, ó ní nǹkan burúkú ti wọ inú rẹ̀. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2024, ti Cyberhaven, ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé ààbò gan-an ni iṣẹ́ wọn, ló kó sọ́wọ́ olè, nítorí pé òṣìṣẹ́ wọn kan tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀ nínú ímeèlì. Ẹni tí ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́ lánàá lè ti ta ilé lónìí.

Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ sí i ni wọ́n tún ń ṣe èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n mọ̀ pé ó dára kí wiki wà lórí Node.js, kí bùráúsà máa bá a sọ̀rọ̀ ní 127.0.0.1, inú kọ̀ǹpútà wọn nìkan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ kí fóònù náà rí i, wọ́n yí host sí 0.0.0.0. Wọ́n wá gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí àwọn ibi iṣẹ́ alájùmọ̀lò tó kún Yábàá láti ìgbà tí CcHUB ti tẹ̀dó sí òpópónà Herbert Macaulay, wọ́n so ó mọ́ Wi-Fi tí ogójì èèyàn jọ ń lò. TiddlyWiki kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí ẹ kò bá sọ fún un pé kó béèrè. Ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn lè ṣí ìwé yín, kó kà á, kó pa á rẹ́, kó kọ tirẹ̀ sí i. Ẹ padà sí 127.0.0.1 lónìí. Bí fóònù bá fẹ́ rí i, ẹ fi orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù ṣọ́ ọ, kó sì jẹ́ Wi-Fi ilé yín.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà wà. Ní ọdún kan, iná lọ, ẹ̀rọ iná mi bàjẹ́, mo sáré wọ bíísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan nítòsí Sábó, mo ti fíláàṣì mi bọ ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà wọn, mo ṣí wiki mi, mo kọ nǹkan, mo tẹ Save lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tí mi ò rántí ni pé bí ẹ kò bá ṣètò nǹkan míì fún un, wiki kì í kọ sínú ara rẹ̀; ẹ̀dà tuntun ló ń jù sínú Downloads. Mo yọ fíláàṣì, mo lọ. Ẹ̀dà àtijọ́ ló wà nínú fíláàṣì mi. Ẹ̀dà mẹ́ta tuntun, pẹ̀lú gbogbo orúkọ àwọn oníbàárà mi àti páásíwọ́ọ̀dù tí àwọn kan fún mi kí n fi ṣí láptọ́ọ̀pù wọn, wà lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń sanwó jókòó sí. Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi nǹkan tuntun sórí kọ̀ǹpútà náà, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi bóyá ẹnikẹ́ni ṣí wọn. Mo ní láti pe oníbàárà mọ́kànlá kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n yí páásíwọ́ọ̀dù wọn padà. Méjì kò padà wá bá mi mọ́ láti ìgbà náà, mi ò sì bá wọn wí. Lónìí, òfin ààbò dátà ti Oṣù Kẹfà 2023 wà, ẹni tó bá sì ń kó ìwífún oníbàárà jọ kò lè ní òun kò mọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Ẹ fún wiki ní fódà tirẹ̀, kí ohunkóhun míì má sí níbẹ̀. Ẹ fún un ní bùráúsà tirẹ̀ tí ẹ kì í fi wọ ayélujára rárá, tàbí kí ẹ lo TiddlyDesktop. Ẹ̀dà kan kó máa wà ní ibòmíì, kó má jẹ́ lórí fíláàṣì kan náà. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọmọ Yábàá náà gbọ́ gbogbo èyí, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí n fi ìrù náà sílẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì, pé òun ní ìdánwò. Mi ò dá a lóhùn. Mo fi Notepad ṣí wiki rẹ̀, kò fi páásíwọ́ọ̀dù sí i, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tò sójú wa bí ìwé ìròyìn. Mo ní kó tẹ lẹ́tà mẹ́ta sínú àpótí ìwákiri: BVN. Ó tẹ̀ ẹ́. Ti ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, nọ́ńbà mọ́kànlá tó pé, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà àkáǹtì wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ló ń bá ìyá rẹ̀ ṣe ètò báńkì. Mo béèrè bóyá ó mọ iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀. Kò mọ̀. Mo sọ fún un pé ní Oṣù Kẹfà 2024, àjọ Paradigm Initiative, tí ọ́fíìsì wọn kò jìnnà sí iléèwé rẹ̀ ní Yábàá, kéde pé ìkànnì kan tó ń jẹ́ AnyVerify ń ta NIN àti BVN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ọgọ́rùn-ún náírà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ní kò sẹ́ni tó fọ́ ilé àwọn wọlé. Èmi kò mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà. Ẹnu ọ̀nà tí wọn ìbá gbà dé ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀ ni mo mọ̀, torí ó wà lójú mi.

Ó ṣì ń ka nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò rí i rí. Mo padà sí Properties, mo pa ìrù náà rẹ́ dé ibi chrome.exe, mo tẹ OK.